Lẹ́tà rìkọ́ọ̀lù lè má dé ọwọ́ yín: bí mo ṣe ń fúnra mi wá a fún sìtíárìn tírélà

Lẹ́tà tó yẹ kó dé ọwọ́ mi ti jókòó sínú àpótí lẹ́tà ẹlòmíràn ní Ohio fún bí oṣù mẹ́rin kí n tó gbọ́ pé wọ́n kọ ọ́ rárá. Houston lèmi ń gbé. Àlòkù ni mo ra orí tírélà mi, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí òun náà rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Ohio. Nígbà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn wá rí i pé bóòtì kan lára ọ̀pá sìtíárìn rẹ̀ lè tú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n kọ̀wé sí. Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló là mí lójú. A jọ ń ra epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà I-10 ní Louisiana. Ó wo iwájú ọkọ̀ mi títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń pè padà torí sìtíárìn?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi ò rí lẹ́tà kankan gbà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n mọ̀ yín ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára díẹ̀, àmọ́ kò purọ́. Wọn ò mọ̀ mí.

Látìgbà náà ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń wa tírélà níbí, pàápàá àwa alálòkù, ń dúró de lẹ́tà tí kò ní dé láéláé. Èmi ò dúró mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi wákàtí kan yí aago síwájú tàbí sẹ́yìn níbí, ní oṣù kẹta àti oṣù kọkànlá, ni mo máa ń yẹ nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ mi wò. Kì í gbà ju ìgbà tí omi tíì fi ń hó lọ, àyàfi bí mo bá rí nǹkan.

Kí ni wọ́n ń pè ní rìkọ́ọ̀lù gan-an?

Rìkọ́ọ̀lù ni kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ jẹ́wọ́ pé àléébù tó lè ṣe èèyàn léṣe wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn, kí wọ́n sì pe ọkọ̀ náà padà wá fún àtúnṣe. Kì í ṣe pé ẹ wà á ní ìwàkuwà, kì í sì í ṣe pé ẹ ò pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1966 ló kọ́kọ́ fi dandan lé e pé kí wọ́n sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ní 1974 ni wọ́n wá fi kún un pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò ojú pópó, ló dúró lé wọn lórí. Bí ilé iṣẹ́ bá ti gbà pé àléébù wà, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ní láti fi tó NHTSA létí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní 60 ọjọ́ láti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ọkọ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Oṣù méjì gbáko lè kọjá láàárín ìgbà tí ìjọba gbọ́ àti ìgbà tí ẹ̀yin gbọ́, ìyẹn bí àdírẹ́ẹ̀sì yín bá tilẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ náà á sì ti wà lójú òpó NHTSA kí lẹ́tà tó kúrò ní póòsì.

Rìkọ́ọ̀lù pọ̀. Ti iná ẹ̀yìn wà, ti bẹ́líìtì ìjókòó wà, kódà ti ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn tí òǹkà rẹ̀ kò tọ̀nà wà. Ti sìtíárìn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ á rọra rìn títí á fi dúró. Bí bíréékì táyà kan bá kọ̀ṣẹ́, táyà yòókù á ṣì dì í mú. Sìtíárìn kò ní ìkejì. Ẹ fojú inú wo ẹrù àti ọkọ̀ tó jẹ́ 80,000 pọ́n-ùn, tó ń sáré lójú títì, tí sìtíárìn tó wà lọ́wọ́ yín ń yí lófìfo bí ohun ìṣeré ọmọdé.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ ló wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, nígbà tí Volvo Trucks pe àwọn orí tírélà kan padà: VNL, VNM àti VNX, mọ́dẹ́ẹ̀lì 2016 àti 2017. Ní Amẹ́ríkà nìkan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000. Ọ̀pá tó ti ọwọ́ awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gíábọ́ọ̀sì sìtíárìn kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Wọ́n so ó pọ̀ ni. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí bóòtì tó dì í pọ̀ má fún tó, kí pìnnì kan ní jọ́ìntì ìsàlẹ̀ má sì sí níbẹ̀ rárá. Bí ọ̀pá náà bá yọ, kò ní fún awakọ̀ ní àmì kankan kó tó yọ. NHTSA fúnra rẹ̀ jáde, ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà nínú wọn wá ibi tí kò léwu, kó páàkì, kó má sì wà á mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Wọn kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí lẹ́tà máa ń sọ ni pé kí ẹ mú ọkọ̀ wá nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ kọ́kọ́ mú nọ́ńbà ṣáàsì

VIN ni àwọn ará ibí ń pè é. Nọ́ńbà ṣáàsì lọ́dọ̀ wa nílé. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni. Ó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó wà nínú ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìńṣọ́ránsì. Ẹ kà á lára ọkọ̀ gan-an, kí ẹ tún fi wé ti inú ìwé. Mo ti rí ibi tí méjèèjì kò ti bára mu, ìyẹn sì jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣe é, ojú ọ̀nà ni mo wà, ìwé ọkọ̀ wà nílé. Mo pe ìyàwó mi pé kó bá mi kà á. Ó ka díẹ̀, ó dúró. "Bàbá Ìbejì, ṣé O nìyí ni àbí òdo?" Òun sọ òdo, èmi kọ O, ojú òpó ní òun ò mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fi ń bá ara wa ṣàríyànjiyàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé kò sí I, kò sí O, kò sí Q nínú nọ́ńbà yìí rárá. Ohun tó bá rí roboto, òdo ni. Ohun tó bá dúró ṣánṣán, ení ni. Báyìí, mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù mi, ó parí.

Ẹ lè fi nọ́ńbà yẹn mọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Ipò kẹwàá ni ẹ máa wò: G ni 2016, H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó wúlò nígbà tí ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ fún yín bá ń sọ ọdún tó wù ú.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni kí ẹ kàn

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni nhtsa.gov/recalls. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, wọn ò ní gba kọ́bọ̀, wọn ò sì ní béèrè orúkọ yín. Bí rìkọ́ọ̀lù kan bá wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe lára ọkọ̀ yẹn, ó yẹ kó jáde. Eléyìí tí wọ́n bá ti tún ṣe kì í hàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní "Ọlọ́run ṣeun," wọ́n á sì gbéra. Òfin tó fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá jẹ́ kí aráyé lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wá rìkọ́ọ̀lù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ kéékèèké àti alùpùpù ló kàn. Kò mẹ́nu ba tírélà. Ilé iṣẹ́ tírélà tó bá ṣe é, ìfẹ́ inú rẹ̀ ló fi ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, rìkọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde lè má tíì ní àkójọ nọ́ńbà tó pé, èyí tó bá sì ti lé ní ọdún 15 lè má jáde. Nítorí náà, bí ojú òpó yẹn bá dákẹ́, ẹ má tíì dúpẹ́. Níbẹ̀ náà, ẹ tún wá a pẹ̀lú ọdún, orúkọ ilé iṣẹ́ àti irú ọkọ̀. Gbogbo rìkọ́ọ̀lù tó kan irú ọkọ̀ yẹn á tò sílẹ̀, ẹ ó sì fojú wá èyí tí ọ̀rọ̀ sìtíárìn wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà rìkọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó jáde: ti Volvo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 16V-097 ni. V ni ti ọkọ̀. E ni ti ẹ̀yà ara tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, T sì ni ti táyà. Ẹ da nọ́ńbà yẹn kọ, torí òun ni ẹ máa sọ fún dílà.

Ilẹ̀kùn kejì ni ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ilẹ̀kùn kẹta ni fóònù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ pe dílà tó ń ta irú ọkọ̀ yẹn, ẹ ní kí wọ́n so yín mọ́ ẹ̀ka àtúnṣe. Ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsì fún wọn, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín wo gbogbo rìkọ́ọ̀lù tí kò tíì parí lórí rẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù mi lọ́jọ́ yẹn tẹ nọ́ńbà mi, ó dákẹ́, ó wá ní kí n dúró díẹ̀. Ọkàn mi ti mọ̀. Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti wáyà iná. Èkejì jẹ́ ti ọ̀pá sìtíárìn.

Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹ ṣì lè wa ọkọ̀ náà àbí kí ẹ gbé e kalẹ̀, bóyá pááàtì wà nílẹ̀, àti bóyá ilé iṣẹ́ máa sanwó ọkọ̀ tó máa fà á wá. Ti ìfàwá yìí, rìkọ́ọ̀lù kan yàtọ̀ sí òmíràn, ẹ má ṣe gbọ́kàn lé e. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ẹ ní kí wọ́n yí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí nọ́ńbà yẹn padà sí tiyín. Wọ́n á bi yín ní ìgbà tí ẹ rà á àti iye máìlì tó wà lórí rẹ̀. Ẹ dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo ṣe ìyẹn ni mo gbọ́ orúkọ ìlú kékeré kan ní Ohio, ibi tí lẹ́tà mi ti ń lọ látọjọ́ yìí wá.

Ohun tí mo rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n ní kí n dúró kí pááàtì tó dé. Mo gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó dùn mí. Owó ilé ń lọ, owó ìńṣọ́ránsì ń lọ. Òfin sọ pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe. Kò sọ pé kí wọ́n san owó ọjọ́ tí èèyàn fi jókòó sílé wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ṣe bí ó ti ń gbé ẹ kiri látọjọ́ yìí, kí ló dé tó o ń sá báyìí?" Mo ní látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀. Báyìí mo ti mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo bẹ mẹkáníìkì dílà náà pé kó jẹ́ kí n wo ohun tó fẹ́ ṣe. Wọn kì í sábà gbà, àmọ́ ó rí i pé mo mọ sípánà dì mú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní Ìwó Road, n'Íbàdàn, kí n tó rékọjá. Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì síwájú, ó tan iná sí ibi tí ọ̀pá sìtíárìn ti gba inú ògiri ọkọ̀ jáde wá. Jọ́ìntì kan wà níbẹ̀, tí a máa ń pè ní kúrọ́ọ̀sì nílé, ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu ẹ̀mú, bóòtì kan sì gba inú rẹ̀ kọjá láti fún un mọ́ ọ̀pá. Mo ń retí kó na ọwọ́ sí sípánà. Kò nà án. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú orí bóòtì yẹn, ó sì yí i.

Ó yí.

Àwa méjèèjì wo ara wa. Òyìnbó ni, kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ nígbà tí mo ní "Ògún ò!", ó mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Nítorí ohun tí mo rí yẹn, ohun kan tí mo máa ń bẹ àwọn tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ díẹ̀ nínú wa ni pé kí wọ́n má ṣe fúnra wọn mú sípánà fún irú bóòtì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì gbà pé ó ti tán. Irinṣẹ́ tó ń wọn agbára ni wọ́n fi dì í. Bóòtì tó ti ń mì tipẹ́ lè ti mú kí ihò tó gbà kọjá fẹ̀ sí i, ọ̀pá náà sì lè ti jẹrà ní eyín rẹ̀. Ẹ̀yà tuntun ni wọ́n fi sí tèmi, wọn ò dì í padà lásán.

Nígbà tó parí, mo gba ìwé. Nọ́ńbà rìkọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, òdo sì wà níbi iye owó. Bí dílà kan bá ní kí ẹ san owó àyẹ̀wò tàbí owó ọwọ́ lórí rìkọ́ọ̀lù, ẹ ní rárá, kí ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NHTSA ní 888-327-4236. Ọdún 15 látọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà ní tuntun ni òfin fi dandan ọ̀fẹ́ yìí lé. Bí ẹ bá sì ti fi owó ara yín tún àléébù náà ṣe kí rìkọ́ọ̀lù tó jáde, ẹ wá rìsíìtì yín, torí ìlànà wà fún dídá owó yẹn padà, lẹ́tà rìkọ́ọ̀lù á sì ṣàlàyé rẹ̀.

Nígbà mìíràn lẹ́tà méjì ló ń wá. Ti àkọ́kọ́ á sọ pé àléébù wà ṣùgbọ́n àtúnṣe kò tíì ṣe tán. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ ọ́ nù, wọ́n rò pé ìpolówó ọjà ni. Ẹ tọ́jú ẹ̀.

Bí ọkọ̀ kì í bá ṣe tiyín

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni ṣiṣẹ́ lábẹ́ líìsì, ìyẹn àdéhùn yíyá ọkọ̀, ẹ gbọ́. Lẹ́tà rìkọ́ọ̀lù ń lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, ìlànà ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé kí ẹni tó fi ọkọ̀ ṣe líìsì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Síbẹ̀ náà, ẹ fi nọ́ńbà wá a fúnra yín.

Àwọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́? Bí sìtíárìn bá ń ṣe ségesège, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ẹ máa ń kọ nírọ̀lẹ́. Sìtíárìn wà lára àwọn ohun tí ìwé yẹn gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ti tún un ṣe tàbí pé kò nílò àtúnṣe kí ọkọ̀ tó tún jáde. Ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ kọ. Mo mọ bí ó ṣe rí kéèyàn jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú, tí dispatcher, ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún awakọ̀, ń pariwo lórí fóònù pé ẹrù ń dúró. Òfin kan wà tó dáàbò bo awakọ̀ tó bá kọ̀ láti wa ọkọ̀ tó léwu. Bí wọ́n bá lé yín torí ẹ̀, ọ́físì OSHA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́, ni ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ, àárín 180 ọjọ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe láàárọ̀

Eléyìí kò gba ipò rìkọ́ọ̀lù. Àléébù kan wà tí ojú kò lè rí. Àmọ́ ohun tí ojú bá lè rí, ẹ jẹ́ kí ojú rí i.

Ẹ to táyà iwájú gún régé, ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí páwà sìtíárìn lè ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yí sìtíárìn díẹ̀díẹ̀ sápá kan títí táyà á fi fẹ́ mì, kí ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá yí i sápá kejì. Ìwé tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ńlá níbí sọ pé bí ó bá lé ní ìwọ̀n 10 dígírì, ìyẹn bí íńṣì méjì létí sìtíárìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 íńṣì, ọkọ̀ lè ṣòroó tọ́. Òfin tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀ lójú ọ̀nà gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: íńṣì márùn-ún àti ìdá mẹ́rin kan fún irú sìtíárìn bẹ́ẹ̀ tó bá ní páwà. Èmi ò ní dúró títí dé ibẹ̀. Ó bá ti kọjá méjì, mo ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ ẹnì kan kó máa mi sìtíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin bá ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀. Bíréékì páàkì gbọ́dọ̀ wà nídìí, ẹ sì fi igi há táyà. Bí mo ṣe máa ń tọ̀ ọ́ nìyí: láti kúrọ́ọ̀sì ọ̀pá sìtíárìn dé gíábọ́ọ̀sì, láti gíábọ́ọ̀sì dé apá irin tó ń ju ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, láti ibẹ̀ dé ọ̀pá tó fà á lọ sí táyà òsì, kí n tó wá dé táì ródì tó so òsì mọ́ ọ̀tún. Níbi kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jọ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá kọ́kọ́ lọ kí èkejì tó tẹ̀ lé e, àlàfo ti wà láàárín wọn.

Ẹ wo ìpata. Nọ́ọ̀tì tó dúró ṣinṣin máa ń dọ̀tí bákan náà pẹ̀lú irin tó yí i ká. Èyí tó bá ń mì á ta ìpata pupa sílẹ̀ bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, tàbí kí ibì kan máa dán gbinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo gbogbo sípílíìtì pìnnì, ẹ kà wọ́n. Ẹ wo àwọn bóòtì tó gbé gíábọ́ọ̀sì mọ́ férémù, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn.

Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀gá mi kọ́ mi ní Ìwó Road, tí mo tún bá lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ibí. Ẹ ra péènì ọ̀dà funfun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dì bóòtì tán dáadáa, ẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Láàárọ̀ ọjọ́kọ́jọ́, bí ìlà yẹn bá ti gé sí méjì, nọ́ọ̀tì ti rìn. Ẹ ò nílò sípánà láti mọ̀ ọ́n, tọ́ọ̀ṣì nìkan tó.

Bí ẹ bá rí ohun tó ya yín lẹ́nu tí kò sì sí rìkọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ẹ fi ẹjọ́ sùn lójú òpó NHTSA. Awakọ̀ lè ṣe é, kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ sọ máìlì tó wà lórí ọkọ̀, ìyára tí ẹ wà, ohun tí ọwọ́ yín gbọ́ lára sìtíárìn, kí ẹ sì fi fọ́tò kún un. Bí irú ẹjọ́ kan náà bá ń wá léraléra, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rìkọ́ọ̀lù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fi tokunbọ ránṣẹ́ sílé

Àbúrò ìyàwó mi n'Íbàdàn ní kí n bá òun ra Mack kan fi ránṣẹ́. Mo rí ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ ní gbàǹjo, owó rẹ̀ dára. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ kí n tó na ọwọ́ sókè, rìkọ́ọ̀lù kan sì wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ níbí tó ní kí wọ́n má ta àlòkù tírélà tó ní rìkọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ tuntun nìkan ni wọ́n ní kí dílà má tíì gbé fún oníbàárà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó máa ké sí yín níbi gbàǹjo.

Mo pè é. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn rẹwáyà á tún un ṣe níbí." Mo ní rẹwáyà kì í ṣe sìtíárìn. Àtúnṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún mi ní Houston, bí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, òun ló máa sanwó rẹ̀. Lẹ́tà kankan kò sì ní wá a dé Ìbàdàn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà kó tó lọ sí èbúté, ọjọ́ méjì péré ló gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní tokunbọ Amẹ́ríkà nílé, ojú òpó NHTSA kò bèèrè ibi tí ẹ wà. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é; 2 ni Kánádà, 3 ni Mẹ́síkò. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú XLR, DAF láti Netherlands ni. WMA ni MAN ti Jámánì. Àwọn wọ̀nyẹn, ẹ má wá wọn ní NHTSA, ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ wọn.

Ti lẹ́tà yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Lẹ́yìn tí mo yí àdírẹ́ẹ̀sì padà, ó lé ní ọdún kan kí nǹkan kan tó dé. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi pè mí nígbà tí mo wà ní Oklahoma, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Bàbá Ìbejì, lẹ́tà ọkọ̀ yín dé o, wọ́n kọ SAFETY RECALL gàdàgbà sí i lára." Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo páàkì, mo ní kó tú u, kó kà á fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ wáípà ni.